Ẹ Má Gbé Ìmúnítì Sókè Mọ́

Bí àrùn jẹjẹrẹ bá wọ ilé kan ní Springfield Gardens, ní Queens, New York, gbólóhùn kan máa ń tẹ̀ lé e wọlé: "Ìmúnítì ẹ̀ ló lọ sílẹ̀." À ń gbọ́ ọ nígbà tí ìsìn bá parí, à ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, à ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa lójú Merrick Boulevard, níbi tí igo agbo àti ike oògùn oníhóró ti jókòó ti gàrí àti ẹ̀gúsí. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́. Awakọ̀ ń sọ ọ́. Ẹni tó ń kó ẹrù sínú bàálù ní pápákọ̀ òfurufú JFK ń sọ ọ́. Àṣẹ ló sì máa ń kàn: "Ẹ gbé e sókè." Ewé mọ̀ríńgà, aáyù, ata ilẹ̀, bitters, fítámìnì olówó gọbọi, tíì kan tí ẹnì kan rí lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n fi ń gbé e sókè ń yí padà lọ́dọọdún; èrò tó wà nídìí rẹ̀ kì í yí.

Èrò yẹn ni mo fẹ́ bá jà. N kò bá ewúro jà o. Mò ń jẹ ẹ́, n kò sì ní í jáwọ́. Ohun tí mo kọ̀ ni pé ìmúnítì, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ara, jẹ́ nǹkan tó ń pọ̀ tó sì ń dín, àti pé ẹni tó bá fẹ́ borí jẹjẹrẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó sọ ọ́ di púpọ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà láti ìpìlẹ̀, ó sì ń ná àwọn ènìyàn wa lówó àti lẹ́mìí. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọlọ́jà agbo nìkan ló dì í mú. Àwọn dókítà ńlá lódìkejì odò, ní Manhattan, náà ń ṣe é. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn alátakò mi ní ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí wọ́n lè rí, nítorí ìlú New York yìí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1890, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún kan, Bessie Dashiell, lọ bá oníṣẹ́ abẹ William Coley pẹ̀lú ọwọ́ tó wú. Jẹjẹrẹ sarcoma ni. Coley gé apá rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgúnpá, kò ràn án. Ní January 1891 ọmọ náà kú. Coley kò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ó lọ tú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní New York Hospital, ó sì bá ti ọkùnrin kan tó ti Jámánì wá pàdé, Fred Stein, tí kókó ọrùn rẹ̀ ń hù padà lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn dókítà ti gbà pé kò sí ọ̀nà mọ́. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí ni kòkòrò Streptococcus ti wọ ojú egbò náà, awọ ara rẹ̀ pọ́n kankan, ibà ńlá dá a wó. Bí ibà náà ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kókó ń yọ́. Coley fẹsẹ̀ rin àdúgbò àwọn àjèjì ní ìsàlẹ̀ Manhattan títí ó fi rí ọkùnrin náà lójúkojú, ọdún méje lẹ́yìn ibà yẹn. Ara rẹ̀ le. Kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Láti 1891 ni Coley ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn aláìsàn ní kòkòrò yẹn láàyè. Nígbà tí ó rí i pé ibà lè pa ẹni tí jẹjẹrẹ kò tíì pa, ó yí ọwọ́ padà: ó pa kòkòrò náà, ó sì pa òmíràn, Serratia, ó pò wọ́n pọ̀. Fún àwọn kan, kókó lọ, kò sì padà. Fún ọ̀pọ̀, kò ṣe nǹkan kan. James Ewing, tó jẹ́ ọ̀gá ní Memorial Hospital tí Coley ti ń ṣiṣẹ́, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ìtànṣán radium ni tirẹ̀. Coley kú ní 1936 láìmọ ìdí tí oògùn rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ṣiṣẹ́, láìmọ ìdí tó fi ń kùnà nígbà tó bá kùnà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Helen Coley Nauts, ló kó ìwé bàbá rẹ̀ jọ, tó sì dá Cancer Research Institute sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1953 kí ọ̀rọ̀ náà má baà kú.

Àwọn tó ń ta ìmúnítì fẹ́ràn irú ìtàn báyìí. Wọ́n á ní, ẹ ò rí i? Ibà gbé ìmúnítì sókè, ìmúnítì sì pa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ara tí kókó yẹn ń dàgbà nínú rẹ̀ náà ni ara tó jẹ ẹ́ run. Ẹnikẹ́ni kò fún Stein ní sẹ́ẹ̀lì tuntun, kò jẹ, kò mu. Gbogbo ohun tó máa fi ṣẹ́gun ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó wà níbẹ̀ tí kókó fi ń tóbi sí i lójú wọn. Ohun kan péré ló yí padà: àjèjì kan wọ ojú kókó gan-an, àmì àjèjì náà sì jí àwọn tó ń ṣọ́nà.

Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bí ìjí náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní 1989, Charles Janeway ti Yale dìde sọ̀rọ̀ ní Cold Spring Harbor, ní Long Island, ibi tí ènìyàn lè wakọ̀ dé láti Springfield Gardens kí wákàtí kan tó pé (bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà, kì í sì í gbà). Ó tú àṣírí kan tí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ tí wọn kì í sọ síta: bí wọ́n bá fẹ́ kí àjẹsára ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹranko inú yàrá ìwádìí, wọ́n ní láti po àfọ́kù òkú kòkòrò mọ́ ọn. Kí nìdí? Janeway ní ó ní láti jẹ́ pé a bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ wa tí wọ́n dá àmì kòkòrò mọ̀ láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, àti pé àwọn ọmọ ogun tí a ń kọ́ níṣẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì T, kì í gbéra láìjẹ́ pé àwọn àkọ́kọ́ wọ̀nyí pè wọ́n. Ìgbà yẹn, àbá lásán ni. Ní 1996, Jules Hoffmann rí prótéènì tó ń ta irú ẹ̀ṣọ́ àbínibí bẹ́ẹ̀ jí lára eṣinṣin èso. Ní 1997, Ruslan Medzhitov, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Janeway, rí irú rẹ̀ lára ènìyàn. Ní 1998, Bruce Beutler fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ohun ìdámọ̀ yìí, TLR4, ló ń dá ẹ̀wù òde àwọn kòkòrò bí i Serratia mọ̀. Òkú kòkòrò inú ìgò Coley nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ló kọjá kí a tó mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí wé nǹkan kan. Láyé ogun, ìlú tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní alóre lórí àpáta. Alóre kì í jà. Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́, ẹnu ló sì fi ń parí rẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ ogun bá wà nínú ìlú tí alóre kò sì ké, wọ́n á máa ta ayò lábẹ́ igi ni títí iná á fi dé orí òrùlé. Ẹ̀ṣọ́ àbínibí ara wa ni alóre yìí. Wàhálà jẹjẹrẹ sì ni pé ọmọ ìlú ni. Kò ti ẹnubodè wọlé, kò wọ aṣọ àjèjì, ó ń kí àwọn àgbà bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Alóre ń wò ó, kò rí ọ̀tá. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni ìlú náà máa fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ ogun mìíràn ṣe?

Oògùn tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ báyìí, ipilimumab tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2011, pembrolizumab tó tẹ̀ lé e ní 2014, iṣẹ́ tó mú kí James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018, àwọn sẹ́ẹ̀lì T ló ń tú sílẹ̀. Wọ́n ń já ìjánu tó dá wọn dúró. Fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ ti yí kókó ká, tó kàn jẹ́ pé a dè wọ́n mọ́lẹ̀, oògùn yìí lè jẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kókó ni kò sí ọmọ ogun kankan nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ prostate, tó ń pa àwọn ọkùnrin dúdú ju àwọn funfun lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, wà lára wọn. Ti àmọ́-inú náà wà níbẹ̀, ìyẹn pancreas. Kò sí ìjánu tí a fẹ́ já lọ́rùn ẹni tí kò wá sójú ogun. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ alóre.

Ẹ̀rí tó ṣe mí ní kàyéfì jù wà ní apá wa gan-an: àpá BCG. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń gún un, láti 1921, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní 1959, Lloyd Old àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé kòkòrò aláìlágbára yìí ń jẹ́ kí eku kọjú ìjà sí kókó. Ní 1976, Alvaro Morales ní Kánádà dà á sínú àpòòtọ̀ àwọn aláìsàn mẹ́sàn-án tí jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ní 1990 FDA fọwọ́ sí i, ó sì jẹ́ pé títí dòní, òun ni dókítà kọ́kọ́ ń nawọ́ sí fún jẹjẹrẹ tó wà ní awọ inú àpòòtọ̀ tó sì fẹ́ padà wá. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ìtọ̀, wọ́n á da BCG sí i, aláìsàn á mú un dání fún nǹkan bí wákàtí méjì kó tó tọ̀ ọ́ jáde, lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò rọrùn, kò sì níyì. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé a gbé ariwo lọ síbi tí kókó wà.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa tí a bí ní Nàìjíríà ló ti gba BCG ní ìkókó. Bó bá jẹ́ pé kí ìmúnítì sáà ti ga ni, kò yẹ kí bàbá Nàìjíríà kan ní jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ láéláé. Kòkòrò kan náà ni, ara kan náà ni. Ti apá kò gba àpòòtọ̀ là. Ti inú àpòòtọ̀ ló gbà á là. Kí ni ẹni tó ń mu igo kan láàárọ̀, igo kan lálẹ́, ń rò pé ó ń rán lọ síbo?

Iṣẹ́ náà kò sì dúró. Ní April 2024, FDA fọwọ́ sí oògùn kan, Anktiva, tí wọ́n ń dà sínú àpòòtọ̀ pọ̀ mọ́ BCG. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fara wé ìpè IL-15, èyí tó ń gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì apani àbínibí dìde pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì T. Nínú ènìyàn 77 tí BCG nìkan kò ràn mọ́, a kò rí jẹjẹrẹ mọ́ lára 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ibi tó yẹ, àmì tó yẹ, àkókò tó yẹ. 

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi: "Wọ́n ti dán ewé yìí wò lára eku, ó pa jẹjẹrẹ." Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oògùn kan tí wọ́n ń pè ní DMXAA fún yín. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, prótéènì kan wà tó ń ké gbàjarè bí DNA bá ya kúrò níbi tó yẹ kó wà. STING ni orúkọ rẹ̀, Glen Barber ló tú u jáde ní 2008. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Zhijian Chen ní Texas ṣàlàyé cGAS, èyí tó ń kọ́kọ́ rí DNA náà tó sì ń ta STING jí. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ gbogbo èyí, DMXAA ti ń yọ́ kókó lára eku bí idán. Wọ́n gbé e dé ìpele tó kẹ́yìn nínú ìwádìí lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá, wọ́n dá a dúró ní 2010. Ìgbà tó di 2013 la wá mọ ìdí: STING ti eku ni DMXAA ń bá sọ̀rọ̀, ti ènìyàn kò gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ oògùn tó lówó, tó ní onímọ̀, tó ní ìwé, ló ṣe báyìí ṣìnà. Ẹni tó sì se ewé nínú ìkòkò ní Jamaica Avenue ń sọ fún mi pé eku ti jẹ́rìí sí tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìpè náà ló dára. Níhìn-ín ni ìbínú mi sí gbólóhùn "ẹ gbé e sókè" ti ń le jù. Ní 2018, Samuel Bakhoum àti Lewis Cantley pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ní New York níbí, fi hàn pé àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí DNA wọn ń já dànù nígbà gbogbo, tí cGAS àti STING sì ń ké láìdákẹ́ nínú wọn. Dípò kí igbe yẹn pa wọ́n, wọ́n ti kọ́ bí a ti ń fi í ṣe ọkọ̀: òun ni wọ́n ń gùn tàn ká ara. Ìpè tí kò ní òpin ti di ohun èlò ọ̀tá.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ti DNA, kó wo hepatitis B, tí kò sí ìdílé wa tí kò mọ ẹnì kan tó ní in. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ara ló ń pa wọ́n níbi tí ó ti ń lé kòkòrò náà. Ó pa díẹ̀, ẹ̀dọ̀ tún un kọ́. Ó tún pa, ẹ̀dọ̀ tún tún un kọ́. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Àpá á gba ẹ̀dọ̀ kan, àṣìṣe á wọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín, jẹjẹrẹ á yọjú. Ta ló fẹ́ gbé irú ìmúnítì bẹ́ẹ̀ sókè? Ẹni tó ní hepatitis B nílò àyẹ̀wò àti oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ kí ogun lè rọlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nílò àjẹsára lọ́jọ́ tí a bí i. Agbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ohun tó kẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé èyí tó wà nínú ike aláràbarà ló sàn. Ọkùnrin tó lé ní 35,000 ló wọ ìwádìí SELECT ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Puerto Rico, láti mọ̀ bóyá fítámìnì E àti selenium ń dènà jẹjẹrẹ prostate. Ní 2011 èsì jáde: àwọn tó gba fítámìnì E nìkan ní jẹjẹrẹ prostate ju àwọn tó gba hóró lásán lọ, ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣì ń rí i lórí pẹpẹ ìtajà, àwòrán baba arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára rẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London ní March 2006, ní Northwick Park, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà, tí kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n, gba oògùn TGN1412, èyí tó ń ta sẹ́ẹ̀lì T jí tààrà láìdúró de ìpè àwọn tó ń ṣọ́nà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń jà fún ẹ̀mí wọn. Ìmúnítì tó ga sókè ní tòótọ́ nìyẹn. Ọlọ́run yọ wọ́n.

Mo fẹ̀sùn kan àwọn dókítà níbẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló kù kí n dé. Mo ti dé.

Ní ọ̀pọ̀ ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ, títí kan àwọn tó ń lo ẹ̀ṣọ́ ara, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n fi ń yan ẹni tó lè wọlé. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni iye neutrophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀ṣọ́ àbínibí. Bí kò bá tó 1,500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ilẹ̀kùn máa ń tì. Àlàyé wọn ni pé ẹ̀ṣọ́ ara onítọ̀hún ti lọ sílẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ohùn yẹn? Gbólóhùn Merrick Boulevard náà ni, ó kàn wọ ẹ̀wù funfun.

Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Prótéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa di àwọn kẹ́míkà ìpè tí ẹ̀ṣọ́ ara fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn mú. Lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun, ó wà. Ibẹ̀ náà ni kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ń gbà wọlé. Louis Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láàárín àwọn ọdún 1970 pé ẹni tí kò ní in lára sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, vivax kì í sábà ráyè mú un. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn ni kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí DNA ènìyàn, wà lára ohun tó jẹ́ kí èyí hàn kedere. Ìrànlọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa ni. Ní 2009, David Reich àti àwọn mìíràn wá rí i pé àyípadà kan ṣoṣo yìí ló fà á tí iye neutrophil nínú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú fi máa ń kéré. Kì í ṣe pé mùdùnmúdùn egungun wọn kò lè ṣe é. Kì í ṣe pé àrùn ń tètè wọlé sí wọn lára. Wọn kì í ṣàìsàn ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò kàn sí nínú ẹ̀jẹ̀ ìṣàn tí abẹ́rẹ́ fà sínú ìgò ní wákàtí yẹn.

Ọmọ Yorùbá tí ara rẹ̀ le koko bí òkúta Olúmọ á wá jókòó síwájú dókítà, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kò lè wọ ìwádìí. Tàbí kí wọ́n sún kẹmó rẹ̀ síwájú, kí wọ́n dín in kù, títí oògùn tó yẹ kó pa kókó á fi di oògùn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ó dé ilé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ní ìmúnítì òun lọ sílẹ̀. Ìyàwó ra agbo. Ọlọ́jà agbo gba owó, dókítà sì kọ sínú ìwé pé aláìsàn yìí kò yẹ. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á pe àpérò, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń ba aláwọ̀ dúdú láti wọ ìwádìí. Wọ́n á dárúkọ Tuskegee, ìwádìí tí wọ́n ti fi ìtọ́jú du àwọn ọkùnrin dúdú, 1932 sí 1972, wọ́n á mi orí. Tuskegee ṣẹlẹ̀, ìtìjú rẹ̀ kò sì tán. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rù bo ilẹ̀kùn tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tì. Mo mọ àwọn ènìyàn tó fẹ́ wọlé. Nọ́ńbà ló dá wọn padà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ara wa jẹ́ irú ara tó ń gbọ́ ìpè dáadáa. Ní 2010 FDA fọwọ́ sí sipuleucel-T fún jẹjẹrẹ prostate tó ti tàn ká. Wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò lára ọkùnrin náà, wọ́n á kó wọn pọ̀ pẹ̀lú prótéènì prostate tí wọ́n so mọ́ GM-CSF, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìpè ẹ̀ṣọ́ àbínibí, wọ́n á sì dá wọn padà sí i lára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ralph Steinman, tó kọ́kọ́ tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì dendritic, alóre tó ń fi ọ̀tá han sẹ́ẹ̀lì T, ní Rockefeller University ní 1973, ló la ọ̀nà tí irú ìtọ́jú yìí gbà; ó gba Nobel pẹ̀lú Hoffmann àti Beutler ní 2011, ó sì ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Nínú ìwádìí tó mú kí FDA gbà, ọkùnrin 512, àwọn tó gba sipuleucel-T fi oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ pẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ọkùnrin dúdú kò pọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí oògùn náà ti jáde, tí wọ́n sì ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó gbà á, ni wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin dúdú tó gbà á pẹ́ láyé ju àwọn funfun tí PSA wọn, prótéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí jẹjẹrẹ prostate ṣe tó, jọ wà ní ìpele kan náà lọ. Ara tí a ń sọ pé ó kéré nìyẹn.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ló wà lọ́rùn ẹni tó lọ ra agbo. Agbo wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Ọ̀gá agbo ń pè é ní "bàbá mi", ó ń bi í léèrè ọmọ rẹ̀, kò bi í léèrè káàdì ìnṣọ́ránsì. Ilé ìwòsàn méjì ní Queens, Mary Immaculate ní Jamaica àti St. John's ní Elmhurst, tì pa nínú ọdún kan ṣoṣo, 2009. Láti Springfield Gardens dé ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní York Avenue, bọ́ọ̀sì Q5 àti ọkọ̀ ojú irin E ni, ó sì kù kí a fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ìyẹn, bí ara bá ṣì lè rìn. Àìní ni mo ń rí níbẹ̀, n kò pè é ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n àìní ẹnì kan kò sọ irọ́ tí a tà fún un di òótọ́, kò sì yẹ kí àwa tí a mọ̀ tún máa fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé àgbà ìjọ ló sọ ọ́.

Bí ẹ bá ní jẹjẹrẹ, tí ẹ sì ń gba oògùn tó ń tú sẹ́ẹ̀lì T sílẹ̀, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún dókítà, pátá, títí kan èyí tí wọ́n ní kí ẹ má sọ. Oògùn yẹn lè mú kí ẹ̀ṣọ́ ara kọjú sí ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ yín. Bí ẹ̀dọ̀ bá wú, dókítà ní láti mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí agbo, nítorí pé ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé neutrophil yín kéré, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ Duffy yín wò, kí ẹ sì bi wọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn wo ni wọ́n fi díwọ̀n 1,500 yẹn. Àyẹ̀wò Duffy kì í ṣe ohun tuntun. Ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ ń ṣe é lójoojúmọ́ fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Ó ṣeé ṣe kí èsì yín ti wà nínú fáìlì kan ní ilé ìwòsàn yẹn kan náà, ní àjà kejì sí yàrá tí wọ́n ti ń sọ fún yín pé ẹ kò yẹ.